“Ìdádúró” kọ́ o, “kíkì” náà kọ́

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí à ń wá Yorùbá fún ni mo bá wá. Ọ̀gá wa tó ní ká máa pe horo tó fọ́n ká sínú omi tàbí sínú pọ́límà yíyọ́ (pọ́límà ni ohun bíi rọ́bà àti ike, tó jẹ́ okùn tín-tìn-tín gígùn), èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “suspension”, ní “ìdádúró”, ẹ má bínú sí mi. Òṣìṣẹ́ tó kówó jẹ ni wọ́n ń dá dúró! Horo tí ẹ ń wí ò dúró rárá, wọ́n ń rìn, wọ́n ń kọlu ara wọn. Àti pé ì- iwájú yẹn, iṣẹ́ ló ń tọ́ka sí. Ohun tó ti inú iṣẹ́ jáde, à- ló yẹ ẹ́: àpòpọ̀, àdàlù, àkójọ. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní “ìdì” ńkọ́, ohun tí a dì, tó sì fi ì- bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn dọjọ́ mìíràn.

Èyí tó dùn mí jù ni “kíkì” tí ẹ fi ń pe bí nǹkan ṣe ki tó (“viscosity” lédè Gẹ̀ẹ́sì). Ohùn àárín ni “ki”: ẹ̀kọ yìí ki. Kíki ló ń bí. Ẹ bá gbé ohùn ìsàlẹ̀ lé e, oríkì lẹ ń kì yẹn. Einstein, onímọ̀ físíìsì nì, náà ṣi iye kan kọ lórí ọ̀rọ̀ kíki yìí gan-an ní 1906, ó sì tún un ṣe sí 2.5 ní 1911: bí horo bá gba 1 nínú 100 ààyè, kíki á fi 2.5 nínú 100 lé sí i. Bó bá lè gba àtúnṣe, kí ló dé tí àmì ohùn kan ṣoṣo ń dìjà níbí?

Ìgbà tí horo bá ṣọ̀wọ́n nìyẹn ṣá. Tí wọ́n bá pọ̀, ẹ bi ìyá ìyá mi tó ta ògì dọjọ́ alẹ́, tí ò sì wọ kíláàsì rí. Ògì á silẹ̀, omidùn á wà lókè. (Ẹni tó ní “rògún” dípò “silẹ̀” náà tọ́, méjèèjì là ń sọ nílé wa.) Ẹ rọra ti ọwọ́ bọ èyí tó silẹ̀, á wọlé, ẹ kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́, á le koko, torí horo ti há mọ́ra, wọ́n ń ha ara wọn. Ẹ ro ó lórí iná: horo wú, okùn pọ́límà inú rẹ̀ tú jáde, ó ki. Ó tutù, ó dì. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀, ẹ wá lọ ń kọ “ìbáṣepọ̀ horo” fún bí horo ṣe ń kọlu ara wọn, tí wọ́n ń ha ara wọn, bí ẹni pé àna ni wọ́n.

Èmi mú “àpòsómi”, ohun tí a pò sínú omi, wá dípò “ìdádúró”. Ẹnìkan ti bi mí pé rọ́bà táyà ńkọ́, tí wọ́n ń po èédú lẹ́búlẹ́bú mọ́, tí omi kankan ò sí níbẹ̀? Ó mú mi. Ẹni tó bá ní èyí tó gba omi àti rọ́bà pọ̀, kó mú un wá, kó ṣáà má fi ì- bẹ̀rẹ̀.