Kọ́kọ́rọ́ oògùn inú ambúláǹsì: kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó gbà á?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti kúrò ní EMT (òṣìṣẹ́ ambúláǹsì ìpele ìsàlẹ̀), mo ti di paramedic tó ga jù ú lọ níbí ní Texas, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kó kọ́kọ́rọ́ narc box, àpótí oògùn olóró, lé mi lọ́wọ́. Bàbá òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kò sí wàhálà, pé táwọn alẹ́ bá ti fẹ́ máa lọ kí n ṣáà sáìn ìwé, pé kò sólè níbẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é? Oòrùn ibí yìí náà ńkọ́, ọkọ̀ á wà níta látàárọ̀ dalẹ́, ṣé oògùn yẹn ò ní bàjẹ́ ni?

Bọ̀dá Sáírẹ́ẹ̀nì, Dallas
Àbúrò, o kú oríire. Má sáìn ohun tójú ẹ ò rí. Ìwọ àtẹni tó ń lọlé, ẹ jọ dúró níwájú àpótí yẹn, kó máa mú un jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o máa kà á. Fentanyl àti morphine tó ń pa ìrora, Schedule II ni (ìpele tí òfin fi oògùn sí, nọ́ńbà tó kéré ló le jù), ketamine Schedule III, midazolam Schedule IV, gbogbo ẹ̀ ni DEA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí oògùn olóró, ń ṣọ́. Má kàn ka iye ìgò nìkan o. Gbé e sókè síná, wo ọmọrí ẹ̀ bóyá ó jókòó dáadáa, tó o bá rí gúlúù lábẹ́ ẹ̀ tàbí ojú abẹ́rẹ́ lára rọ́bà ẹ̀, má gbà á. Àwọn tó ń jí i kì í sábà gbé ìgò lọ, oògùn ni wọ́n máa fà jáde, wọ́n á fi omi iyọ̀ dípò ẹ̀, wọ́n á lẹ ọmọrí padà, iye á pé pérépéré, ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kán tó ń ké lórí bẹ́ẹ̀dì ló máa jìyà ẹ̀. Wo lot number (nọ́ńbà ìdì tí wọ́n ṣe é pọ̀), wo ọjọ́ tó máa expire, tí síìlì bá sì wà lára àpótí, nọ́ńbà ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá tinú ìwé mu.

Níbi tiwa, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni séèfù wà, wọ́n fi bóòtì dè é mọ́ ara ọkọ̀, ìlẹ̀kùn méjì lo máa ṣí kọ́wọ́ ẹ tó kan oògùn. Tó bá jẹ́ oní-PIN ni tiyín, partner ẹ ò gbọdọ̀ mọ PIN ẹ, torí ẹ̀rọ yẹn ń kọ ẹni tó ṣí i àti aago tó ṣí i sílẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan bá dínkù orúkọ ẹ ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Tí iye ò bá pé, kẹ́nikẹ́ni má lọlé. Pe supervisor lójú ẹsẹ̀, má mú un sùn. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n bá ti rí i pé wọ́n jí i, tàbí pé èyí tó tó nǹkan ti sọnù, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí DEA, Form 106, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ròyìn oògùn tó sọnù tàbí tí wọ́n jí, á sì tẹ̀ lé e. Òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní November 2017 ló jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ambúláǹsì lè gba registration DEA (àṣẹ láti ní oògùn wọ̀nyí lọ́wọ́) lórúkọ ara wọn, torí náà ọ̀rọ̀ yẹn kan ọ̀gá yín gan-an, kò ní bá ẹ ṣeré.

Nọ́ọ̀sì Baltimore
Ẹ ò tíì dárúkọ waste, ìyẹn oògùn tó ṣẹ́ kù tí wọ́n ń dà nù. Ìgò fentanyl 2 mL, 100 mcg (máíkírógíráàmù) ló wà níbẹ̀, tó o bá fún aláìsàn ní 50, 1 mL ló kù, ojú ẹlẹ́rìí lo ti máa dà á nù. Àwọn kan á gbé aláìsàn wá bá wa ní ER, yàrá pàjáwìrì, wọ́n á na ìwé sí mi pé kí n sáìn, mo á ní syringe ẹ̀ dà? Wọ́n á ní àwọn ti dà á nù nínú ọkọ̀. Háà! Ẹlẹ́rìí kí ni mo wá fẹ́ ṣe? Mi ò sáìn o. Wọ́n ní mo le, kò burú.

Apòògùn Atlanta
Ti ooru: ọ̀pọ̀ nínú abẹ́rẹ́ yẹn, 20 sí 25°C ni wọ́n ní ká tọ́jú ẹ̀ sí, ó lè yẹ̀ díẹ̀ láàárín 15 sí 30. Ọkọ̀ tó kú sínú oòrùn Texas á kọjá ìyẹn kíákíá. Lorazepam, oògùn gìrì, tiẹ̀ tún le jù, fíríìjì ni tiẹ̀, 2 sí 8°C, ìdí nìyẹn tọ́pọ̀ fi ń gbé midazolam fún gìrì. Ẹ máa ki shoreline (wáyà iná station) bọ ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá ti dé station kí AC lè máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi tẹmómítà tó ń rántí ooru tó ga jù sínú àpótí náà. Ẹ̀yin ará Minnesota, kó má dì sí yín lọ́wọ́ nígbà òtútù o.

Àǹtí Peckham
Lọ́dọ̀ tiwa ní UK, òfin Misuse of Drugs 1971 àti ti Safe Custody 1973, tó jẹ mọ́ títì wọ́n pa, la ń tẹ̀ lé. Register wa (ìwé àkọsílẹ̀ oògùn), ìwé tí wọ́n rán pọ̀ ni, o ò lè fa ewé ya, o ò lè fagi lé nǹkan kan, tó o bá ṣì í kọ, etí ìwé tàbí ìsàlẹ̀ lo máa tún un ṣe sí, kó o kọ déètì sí i. Ọdún méjì lẹ́yìn ìlà tó kẹ́yìn la fi ń tọ́jú ẹ̀. Látìgbà ọ̀rọ̀ Dókítà Harold Shipman, tí wọ́n dá lẹ́bi ní 2000 pé ó fi diamorphine (heroin tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn) pa aláìsàn 15, lojú wọn ti là sí nǹkan wọ̀nyí. Ketamine náà ti wọ Schedule 2 wa látọdún 2015.

Bàbá Bólú, Houston
Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un, torí ìwé ìgbélùú. Tí ilé ẹjọ́ bá dá ẹni tí kì í ṣe citizen lẹ́bi lórí controlled substance (oògùn tí òfin ń ṣọ́), green card ẹ̀ wà nínú ewu. Ẹ má sì kó tramadol, oògùn ìrora, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láti ilé sínú báàgì iṣẹ́, Schedule IV ni níbí látọdún 2014. Mọ́mì á ní fún ẹ̀yìn ríro ni. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún bàbá yẹn tí ò fi ní dà bíi pé mò ń pè é lólè?

Bọ̀dá Sáírẹ́ẹ̀nì, Dallas
Ní gbogbo èèyàn lo máa ń bá ka oògùn, òun kọ́ lo dójú sọ. Kó o sì mú un dé ọ̀dọ̀ supervisor tẹ́yin méjèèjì ò bá fohùn ṣọ̀kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Ó yé mi. Tí mo bá wá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sápò ńkọ́, tí mo ti délé ní Katy?

Bọ̀dá Sáírẹ́ẹ̀nì, Dallas
Pe supervisor látorí ìjókòó ọkọ̀ ẹ, kó o yí mọ́tò padà. Má sùn lé e lórí o.