Forsythia tó ń yọ òdòdó nísàlẹ̀ nìkan: ká tẹ ẹ̀ka rẹ̀ ni àbí ká hú u?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọgbà níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, ni forsythia mi yìí wà, igi kékeré olódòdó; irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 'Lynwood' ni, ó ga tó mítà 2, oòrùn sì ń pa á dáadáa. Ní April, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dé ibi tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, òkè ṣófo. Tí a bá la ìrudi òdòdó tó wà lókè, inú rẹ̀ ti dúdú: òtútù ti pa á. Ewé ń yọ níbẹ̀ ṣá, nítorí ìrudi ewé le ju ti òdòdó lọ.

Kì í ṣe bí mo ṣe ń gé e ló fà á. Ẹ̀ka ọdún tó kọjá ló ń yọ òdòdó, ẹ̀yìn òdòdó ni a sì ń gé e, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀ka àgbà, láti ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ajílẹ̀: ewé ni náítírójìn ń tì jáde.

Ṣé kí n máa tẹ ọ̀dọ́ ẹ̀ka mọ́lẹ̀ kí yìnyín tó dé, kí yìnyín lè bò ó lọ́wọ́ òtútù, àbí kí n fi 'Meadowlark' rọ́pò rẹ̀, irú forsythia mìíràn tí ìrudi òdòdó rẹ̀ ń fara da òtútù tó tó −35°C? Ààyè tó wà kò ju mítà 2 lọ. Ta ló ti gbìn ín síbi tó há bẹ́ẹ̀?