Báwo ni bóòtì àpáta ṣe ń di òrùlé ihò abẹ́ ilẹ̀ mú?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwakùsà, ọ̀rọ̀ bóòtì àpáta sì ń rú mi lójú. Báwo ni ọ̀pá irin tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 2 sí 3, ṣe lè gbé òkè ńlá tó wà lórí ihò? Kí ló dé tí a kò kúkú fi òpó ti òrùlé náà láti ìsàlẹ̀?

Ìdáhùn
Irin náà kọ́ ló ń gbé òkè. Àpáta ló ń gbé ara rẹ̀, bóòtì kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Bí a bá ti gbẹ́ ihò, ìwúwo òkè á yà gba ẹ̀gbẹ́ ihò náà kọjá, yóò wá ku kìkì àpáta itòsí òrùlé, tí dínámáìtì ti mì, tí ó sì fẹ́ já bọ́. Bí àpáta líle bá wà lókè èyí tó ti dẹ̀, a ó lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀, a ó fi sìmẹ́ńtì tàbí rẹ́sìn (gọ́ọ̀mù tí ó máa ń le) di irin mọ́ ọn, a ó sì fi àwo irin àti nọ́ọ̀tì fún un pọ̀ nísàlẹ̀, kí èyí tó dẹ̀ lè rọ̀ mọ́ èyí tó le. Bí òrùlé bá sì jẹ́ ìpele-ìpele, bóòtì á fún àwọn ìpele náà pọ̀ kí ọ̀kan má lè yọ̀ lórí èkejì, bí ìgbà tí a bá di pákó pẹlẹbẹ mélòó kan pọ̀ tí wọ́n wá le bí ìtì igi kan ṣoṣo.

Ìdáhùn
Òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ibi tí àpáta ti fọ́ wẹ́wẹ́ ni iṣẹ́ bóòtì ti wú mi lórí jù. Níbi iṣẹ́ ìsédò àti iná mànàmáná Snowy Mountains ní Austrálíà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1949, ẹnjiníà Tom Lang kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú garawa, ó fi àwọn bóòtì kéékèèké fún un pọ̀, ó sì dojú garawa náà dé. Òkúta náà kò dà. Bóòtì kọ̀ọ̀kan ń fún òkúta àyíká rẹ̀ mọ́ra, bí wọ́n bá sì súnmọ́ra tó, ibi tí wọ́n fún á pàdé, á di ohun kan ṣoṣo tó tẹ̀ bí ọrun ọfà, tí ó sì le. Ìdí nìyẹn tí a kì í fẹ́ kí àlàfo àárín bóòtì méjì ju ìdajì gígùn bóòtì náà lọ.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ òpó wá ńkọ́?

Ìdáhùn
Òpó ń dí ọ̀nà, kì í sì í gba ẹrù títí àpáta yóò fi sọ̀ kalẹ̀ lé e. Bóòtì tí a ti fún kò dúró de ìyẹn. Ṣùgbọ́n kíákíá ni kí a fi í sí i lẹ́yìn tí a bá gbẹ́ ihò, kí àpáta tó tú. Omi lè mú kí irin dípẹtà, pàápàá bí sìmẹ́ńtì kò bá yí i ká dáadáa, nítorí náà a máa ń fi jáàkì fa díẹ̀ nínú wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì dúró. Ẹ máa wo àwo irin wọn pẹ̀lú: bí ó bá ń tẹ̀, ẹrù ti pọ̀ jù lórí rẹ̀, bí ó bá ń mì, kò di àpáta mú mọ́.