Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa òkùnkùn: bá a ṣe ń la ìgbà òtútù já

Láti Aberdeen, Scotland

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Ẹni tó béèrè pé báwo la ṣe ń ṣe é tí ọkàn wa ò fi ń rẹ̀wẹ̀sì tí òtútù bá ti dé, ìbéèrè yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí, torí ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Aberdeen, díẹ̀ ló kù kí n padà sí Ìbàdàn. Gbogbo èèyàn ló kìlọ̀ òtútù fún mi, ra jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ra ìbọ̀wọ́, wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ṣe gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa òkùnkùn. Nílé, June o, December o, bílẹ̀ bá ti mọ́ ní nǹkan bí aago méje, ó di nǹkan bí aago méje alẹ́ kó tó ṣú, èèyàn kì í tiẹ̀ rò ó. Àmọ́ níbí, tó bá ti di December, ó máa ń tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kí òòrùn tó yọ, tó bá sì fi máa di aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ó ti wọ̀. Iṣẹ́ kẹ́à, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ò lè dá tọ́jú ara wọn, ni mò ń ṣe, aago méje sí aago méje, òkùnkùn ni mo fi ń lọ, òkùnkùn ni mo fi ń bọ̀. Òkúta aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìlú yìí, tí òjò bá wá ń rọ̀, o ò ní mọ ibi tí ilé parí sí tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wá ń sùn bí ẹni tí wọ́n lù, màá jí, á tún rẹ̀ mí. Búrẹ́dì nìkan ni mò ń jẹ. Mọ́mì mi á pè, mi ò ní gbé e, màá ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo gbà pé ọ̀lẹ ló wọ̀ mí lára, mo tiẹ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹ̀.

Màmá Ìjẹ̀bú kan wà níbi iṣẹ́ wa tí wọ́n ti pẹ́ gan-an ní Scotland. Lọ́jọ́ kan tá a jọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo rí òòrùn kẹ́yìn?" Mo ro ó títí, mi ò rántí. Wọ́n ní, "Kì í ṣọ̀lẹ. Lọ rí dókítà." Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, fítámì D mi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ṣàlàyé pé awọ dúdú tiwa máa ń fẹ́ òòrùn púpọ̀ ju tàwọn òyìnbó lọ kó tó lè ṣe fítámì yẹn, òòrùn ìgbà òtútù ibí ò sì lágbára tó, ìdí nìyẹn tí ìjọba Britain fi ní kí àwa aláwọ̀ dúdú máa lo fítámì D máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ yípo ọdún, kì í ṣe ìgbà òtútù nìkan. Ó tún ní ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń bá ìgbà òtútù rìn, àìsàn ni, kì í ṣe ìwà, ó sì fi mí mọ ẹni tí mo lè máa bá sọ̀rọ̀.

Oògùn nìkan kọ́ ṣá o. Màmá Ìjẹ̀bú ló ń fà mí jáde ní aago méjìlá ọ̀sán, ogún ìṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ orí òkun á máa gbá wa lójú, a ò ní wọlé. Nígbà tó yá mo sọ òótọ́ fún mọ́mì mi. Wọn ò bá mi wí. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán ní aago mẹ́fà, tó jẹ́ aago márùn-ún lọ́dọ̀ mi, wọ́n á pè, wọ́n á gbé fóònù kalẹ̀ sórí pèpéle, wọ́n á máa gbálẹ̀. A lè má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mò ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ àti àkùkọ, mò ń wọṣọ iṣẹ́. Ọyẹ́ ń bá àwọn náà jà níbẹ̀, ètè wọn ń là, òrí kan náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi la jọ ń fi para. Agbára tí mo ní lọ́dún yẹn, ibẹ̀ ló ti wá. Ìparí January, lọ́jọ́ tí wọ́n tètè jẹ́ kí n lọ, mo jáde ní aago mẹ́rin ọ̀sán, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Mo dúró níbi tá a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, mo sunkún.

Láti Winnipeg, Canada

Ẹ ṣeun gan-an mà. Tibí yàtọ̀ díẹ̀, òòrùn máa ń ràn yanran, àmọ́ òtútù lè dé -30 lórí ìwọ̀n Celsius, mọ́tò gan-an a máa ń ki wáyà ẹ̀ bọ iná mọ́jú kí ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ má fi ogún ìṣẹ́jú yẹn dán an wò lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ o, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó kí awọ ojú bà jẹ́. Tèmi, dídá wà ló fẹ́ pa mí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mo lè lo ọjọ́ mẹ́rin láì sọ Yorùbá sí ẹnikẹ́ni. Bàbá kan tá a pàdé níbi tí mo ti ń ra èlùbọ́ ló ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sunday, pé àwọn ní ọpọ́n ayò. Àwa márùn-ún la wá ń ta á. Sunday kan tí mi ò lè dìde, bàbá yìí wa mọ́tò nínú yìnyín wá kanlẹ̀kùn mi, wọ́n ní wọ́n ń retí mi. Gbólóhùn yẹn, "à ń retí ẹ", mo ṣì ń gbé e kiri.

Láti Glasgow

Mo ti ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ṣì wà nínú tèmi, oṣù kejì mi rè é. Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ lálẹ́. Mo pe ọ̀dọ̀ dókítà láàárọ̀ yìí, Thursday ni wọ́n fún mi. Mọ́mì mi ni mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún, torí ilẹ̀ tí wọ́n tà ni mo fi wá, mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mi ò moore. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ fún tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀?