Ọkọ̀ rìmóòtù mi tó ń kú lójijì: ó ti yanjú o!

Ẹ̀yin ará, kí n wá ká ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ ìṣeré mi tó ń lo LiPo 2S (bátìrì lítíọ́mù oníhòrò méjì) kì í sáré ju ìṣẹ́jú 3 lọ kó tó dákú, tí íńjìnnì rẹ̀ á gbóná bí ààrò. Bátìrì ni mo fẹ̀sùn kàn, mo tiẹ̀ ra òmíràn. Owó ṣòfò!

Àṣé jíà ni, ìyẹn àgbá eléyín tó wà lára íńjìnnì àti èyí tó ń yí: wọ́n fún mọ́ra jù. Mo tú bóòtù tó de íńjìnnì, mo fi bébà pélébé há àárín jíà méjèèjì, mo tì wọ́n pọ̀, mo de bóòtù, mo wá yí bébà náà jáde: ó ká bí eyín ayùn, kò ya, ìyẹn ni pé àlàfo àárín wọn ti tó. Mo sì yọ jíà íńjìnnì eléyín 17 tí mo fi ìwọra eré kó sí i, tó ń ni íńjìnnì lára, mo fi eléyín 13 rọ́pò.

Lánàá ó sáré ìṣẹ́jú 20 lórí iyẹ̀pẹ̀, íńjìnnì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ẹni tó ní kí n wo jíà, ẹ ṣeun gan-an.