Àwòrán lékèélékèé tí wọn yóò tà ní gbàǹjo fún àwọn ọmọ aláìsàn: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ọnà, mo kí yín o. Ìbarà níhìn-ín ní Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, àwòrán inú ìwé àwọn ọmọdé ni mo sì ń yà jẹun. Àwọn kan tí wọ́n ń ṣètọ́jú àwọn ọmọ tí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ń bá fínra bẹ̀ mí pé kí n fún wọn ní àwòrán kan tí ó jẹ mọ́ igbó, odò tàbí ẹranko, kí wọ́n lè tà á ní gbàǹjo, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra oògùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní àìsàn yìí, mo sì mọ bí òru ti máa ń gùn tó nígbà tí eegun bá ń ro ó, nítorí náà n kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà.

Etí Odò Ògùn ní apá Láfẹ́nwá ni mo yà, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn lékèélékèé ń darí sílé, tí àwọn ọmọdé sì na ìka sókè sí wọn pé kí wọ́n fún àwọn ní funfun èékánná, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ṣe nígbà èwe wa. Àwọ̀ olómi ni mo lò lórí ìwé tí a fi òwú ṣe. N kò fi ọ̀dà funfun kan ẹyẹ kankan. Funfun ìwé náà gan-an ni funfun ara wọn. Búrọ́ọ̀ṣì tín-ń-tín ni mo fi ń tọ àyíká ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, bí ọwọ́ bá sì ṣì pẹ́nrẹ́n, kò sí àtúnṣe. Ẹyẹ 11 ni wọ́n, ọrùn wọn nà gbọọrọ síwájú bí ọfà. Lórí èékánná ọmọdébìnrin tí ó ṣíwájú, mo fi funfun kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi níjelòó. Mo fún ẹgbẹ́ mìíràn ní àwòrán igi àràbà, wọ́n sì tà á ní náírà 15,000, bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì àti férémù rẹ̀ nìkan ti gba 22,000 lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí àràbà mi lára káàdì ìkíni tí ẹni tí ó rà á tẹ̀ fún títà. Nígbà tí mo sì fojú kan àwòrán náà fúnra rẹ̀, ìwé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó ti bu. Báwo ni mo ṣe lè fi èyí tọrẹ tí irú rẹ̀ kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́? Mo tún ń gbèrò láti fi àdìrẹ yí àwòrán náà ká nínú férémù. Ǹjẹ́ ó bójú mu?

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán

Ẹ kú iṣẹ́ àánú. Kí ẹ tó gbé àwòrán náà sílẹ̀, ẹ bá wọn fẹnu kò sí iye kan tí wọn kò gbọdọ̀ tà á dín sí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pè é tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún yín. Ní ti ìwé tí ó bu, gíláàsì kò gbọdọ̀ fara kan ìwé rárá ní ìlú olóoru bíi tiwa, nítorí omi tí ó bá sẹ̀ sí inú gíláàsì náà ni ìwé yóò fà mu. Ẹ gé káàdì tí ó nípọn yí àwòrán ká kí àyè lè wà láàárín wọn. Òkè nìkan ni kí ẹ ti fi tépù oníwèé so àwòrán mọ́ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ pa, ìwé náà yóò wú nígbà òjò, yóò sì hunjọ.

Ọmọ Kẹ́mta

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ iye yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ènìyàn bá ti fi nǹkan tọrẹ, ó yẹ kí ó yọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán

Ọmọ Kẹ́mta, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayàwòrán ni ó pàdánù nígbà tí wọ́n ta àràbà ní 15,000. Owó oògùn ọmọ aláìsàn ni ẹni tí ó rà á ní ọ̀pọ̀ gbé lọ sílé.

Agbẹjọ́rò

Ẹni tí ó ra àwòrán, àwòrán ni ó rà, kò ra ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ya àwòrán jálẹ̀ ayé rẹ̀ àti fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a kò sì lè gbé e fún ẹlòmíràn láìkọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí ìwé kankan, tí ẹ kò sì fún un láyè lọ́nà mìíràn, káàdì àràbà yẹn lòdì sí òfin. Ní ti èyí, ẹ kọ lẹ́tà olójú ewé kan pé ẹ gbà kí wọ́n fi àwòrán náà polongo gbàǹjo títí di ọjọ́ rẹ̀, pé ẹ̀tọ́ àti tẹ̀ ẹ́ sì wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn férémù, kí ẹni tí ó bá rà á lè kà á.

Ìyá Aláró, Ìtòkú

Ọmọ mi, Olúwa yóò wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ sàn. Bí o ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì tọ àyíká funfun ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí aró má bàa dé ibi tí a fẹ́ kí ó funfun, nítorí náà àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ó bá iṣẹ́ rẹ mu. Má lo oníko, ojú rẹ̀ kì í tẹ́ bọ̀rọ̀ nítorí ibi tí a ti so ó. Ṣùgbọ́n aró tuntun a máa yọ. Fi omi tútù ṣan aṣọ náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara, kí o sá a sí ibòòji, kí o sì fi káàdì funfun sáàárín òun àti ìwé. Mo ní ègé kan tí a ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ tí kò lè yọ mọ́. Wá mú un, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Olùṣọ́ Ẹyẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè dùn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á. Lékèélékèé kì í na ọrùn bí ó bá ń fò. Ńṣe ni ó máa ń ká ọrùn rẹ̀ wọ àárín èjìká, tí ọ̀fun rẹ̀ yóò yọ gọngọ síwájú bí ẹni tí ó gbé òkèlè ńlá mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń nà sẹ́yìn kọjá ìrù. Pẹ́pẹ́yẹ ni ó ń na ọrùn bí ọfà. Ẹ tún kíyè sí irú èyí tí ẹ ń yà. Èyí tí ó ń tẹ̀ lé màlúù, tí ó ń ṣa kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù lé jáde nínú koríko, kò ga, ọrùn rẹ̀ kò gùn, ẹnu rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Òmíràn wà tí ó ga, tí ọrùn rẹ̀ rí bí ejò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, òun ni ó máa ń dá dúró nínú omi tí kò jìn láti ṣọ́ ẹja. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe òun náà ní lékèélékèé. Àwọn méjèèjì ni ó ń ká ọrùn bí wọ́n bá ń fò. Nígbà tí ti ẹ̀yìn màlúù bá sì fẹ́ yé ẹyin, orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ a máa pọ́n díẹ̀ bí ẹni pé a fi osùn ra á. Ẹ lọ dúró sórí afárá Láfẹ́nwá ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi ojú ara yín rí i kí gbàǹjo tó dé.

Ẹni tí ó béèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lọ sórí afárá náà lánàá. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọjá lójú mi kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó na ọrùn nínú wọn. Wọ́n ká a wọlé bí ọmọ tí òtútù mú tí ó fi ẹ̀wù bo àgbọ̀n. Ojú tì mí pé láti kékeré ni mo ti ń na ìka sí ẹyẹ yìí, n kò sì wò ó dáadáa rí.

N kò lè fi èyí tí mo ti yà tọrẹ mọ́, nítorí pé funfun ìwé kò ṣeé tún ṣe, mo sì fẹ́ kí ohun tí mo bá fún àwọn ọmọ náà jẹ́ òótọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹyẹ méje ni yóò wà nínú rẹ̀, mo sì fi osùn díẹ̀ sí àyà méjì nínú wọn. Àwọn tí wọ́n ni gbàǹjo ti gba ọ̀rọ̀ iye náà láìjanpata, wọ́n ní kí n mú lẹ́tà wá fún àwọn láti fọwọ́ sí. Ìyá wa, aago mélòó ni mo lè bá yín ní Ìtòkú lọ́la?

Ìyá Aláró, Ìtòkú

Wá ní aago mẹ́wàá, kí oòrùn tó mú. Mú àwòrán náà dání, kí n lè rí àwọ̀ ojú ọ̀run rẹ̀ kí n tó yan aṣọ.