Àbọ̀ lórí ẹ̀dá ìtàn mi: ọdẹ ni mo mú

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé gan-an. Mo béèrè bóyá kí n fi ẹ̀dá mi nínú eré ìtàn orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons ṣe ọdẹ tàbí olè, àti bí mo ṣe máa pín nọ́ńbà 15, 14, 13, 12, 10 àti 8 sí àwọn agbára rẹ̀ bí ìyára àti òye. Ọdẹ ni mo mú.

Ọmọbìnrin Òkè-Èrí ni, níbi tí wọ́n ti ń ṣàbẹ̀wò sí ibojì Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́lá inú ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìjẹ̀bú. Nínú ìtàn tí mo kọ fún un, ìdílé rẹ̀ ló ń ṣọ́ Erédò, yàrà ńlá tó gba inú igbó Ìjẹ̀bú kọjá ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé 15 fún ìyára, 14 fún òye, 13 fún ìfaradà. Nínú òfin eré náà ti ọdún 2014, ẹ̀dá tó jẹ́ ènìyàn lásán ń gba ẹyọ kan kún agbára kọ̀ọ̀kan: ìyára di 16, ìfaradà di 14, ẹ̀mí rẹ̀ (iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú) sì jẹ́ 12 ní ìpele kìíní.

Ẹ̀gbọ́n tí ẹ ní kí n wádìí ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìbéèrè yín wúlò ju gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí lọ. Ẹ̀rù ń bà á kí yàrà náà má dí lójú ayé rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ọjọ́ Sátidé la máa bẹ̀rẹ̀ eré ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà mo ti ìbéèrè yìí pa.